Damaris Kò Jẹ Oyè Ìyá Ẹgbẹ́

Ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta ni Damaris Olújìmí nígbà tó kọ́kọ́ gun kẹ̀kẹ́ ológeere láyé rẹ̀, kì í sì í ṣe pé dókítà kankan ló ní kó lọ máa ṣeré ìdárayá. Ata ló gbé e dé orí kẹ̀kẹ́. Mile 12 ló ti máa ń ra tòmátì, tàtàṣé àti rodo láràárọ̀, á sì kó o lọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ nínú àwọn ẹ́sítéètì Ìkòsì. Ọ̀kadà ló ń bá a gbé e. Nígbà tí ìjọba wá lé ọ̀kadà kúrò ní Kòṣọ́fẹ́, ọ̀pọ̀ èèyàn káwọ́ lẹ́rán, wọ́n ń ṣépè. Damaris náà ṣépè, ẹ má jẹ́ ká purọ́, ó sì ṣẹ́ ẹ kúnná. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹta ó gba Kétu lọ, ó ra kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ dúdú kan tí awọ ìjókòó rẹ̀ ti ya, ó sì ní kí àwọn tó ń jórin bá òun jó irin pẹlẹbẹ kan mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí apẹ̀rẹ̀ tòmátì máa jókòó sí.

Bartholomew, ọkọ rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó tún jẹ́ alàgbà nínú ìjọ, jáde síta, ó wo kẹ̀kẹ́ náà látòkè délẹ̀.

"Ìyá Fẹ́rànmí, ta ló fẹ́ gun èyí?"

"Èmi ni, Daddy."

"Ìwọ wo?"

"Èmi tí ẹ ń wò yìí."

Ó rò pé àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà. Pápá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé wọn ni Damaris ti kọ́ ọ, ó ń ṣubú, ó ń dìde. Orúnkún rẹ̀ bó, ìgúnpá rẹ̀ bó, àwọn ọmọ àdúgbò sì tò sí ẹ̀gbẹ́ pápá, wọ́n ń fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ó yíjú sí wọn, ó ní, "Ẹ rẹ́rìn-ín náà dáadáa o, torí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ẹ ò ní rí nǹkan kan rín mọ́." Nígbà tí ọ̀sẹ̀ náà pé, wọn ò rí nǹkan kan rín mọ́ lóòótọ́.

Ọdún méjì gbáko ló fi ń gbé tòmátì gun òkè Ṣàngíṣà láràárọ̀. Ẹni tó bá ti fẹsẹ̀ rin òkè yẹn rí mọ ohun tí à ń wí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ le, èémí rẹ̀ gùn, òun gan-an ò sì mọ̀. Sátidé kan báyìí, bó ṣe ń gùnkè lọ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn, ó bá ọkùnrin kan lójú ọ̀nà tó wọ ṣòkòtò tó fún mọ́ itan, tó dé akoto, tó gun kẹ̀kẹ́ kan tó rí tín-ínrín bí egungun ẹja. Ọkùnrin náà ń mí gúlegúle. Damaris kí i pé ó kú iṣẹ́, ó sì kọjá lọ.

Ọkùnrin náà lé e dé géètì ẹ́sítéètì. Adéníran ni wọ́n ń pè é, òun ni kọ́ọ̀ṣì Ẹgbẹ́ Ológeere Ìkòsì, àwọn tó máa ń tò kọjá lórí kẹ̀kẹ́ ní gbogbo àárọ̀ Sátidé bí ẹni tí wọ́n ń lé.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mummy, kí lẹ gbé sẹ́yìn yẹn?"

"Tòmátì."

"Ṣé ó wúwo ni?"

"Bọ́ọ́lẹ̀ kó o gbé e wò."

Adéníran bọ́ọ́lẹ̀, ó gbé apẹ̀rẹ̀ náà, ó sì yára gbé e padà síbi tó wà. Lẹ́yìn náà ló ní kó jọ̀wọ́ wá bá àwọn gùn ní Sátidé tó ń bọ̀, pé ẹgbẹ́ máa yá a ní kẹ̀kẹ́ eré ìje.

Kẹ̀kẹ́ eré ìje yìí fúyẹ́ débi tí Damaris fi kọ́kọ́ rò pé wọ́n gbàgbé nǹkan kan lára rẹ̀ ni. Nígbà tó gùn ún já Ifákọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, tí atẹ́gùn ń fẹ́ wọnú aṣọ rẹ̀, omi bọ́ lójú rẹ̀, kì í sì í ṣe ti ìbànújẹ́. Láti ọjọ́ tó ti délé ọkọ, kò tíì sí ibi tó lọ tí kò gbé nǹkan dání fún ẹnì kan: ọmọ, oúnjẹ, ẹrù, ata. Lórí kẹ̀kẹ́ yìí, ara rẹ̀ nìkan ló gbé. Ó fẹ́ràn rẹ̀ dénú eegun. Ó délé, ó sọ fún Bartholomew pé òun fẹ́ máa díje. Bartholomew bi í pé ẹni ọdún mélòó ni. Ó ní kí wọ́n lọ wo ìwé ìgbéyàwó àwọn, ó wà níbẹ̀.

Láti Ìtòìkín ni ìdíje àkọ́kọ́ tó lọ, wọ́n á dé Ẹ̀pẹ́, wọ́n á sì yí padà. Obìnrin mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀, ọmọ ni gbogbo àwọn yòókù jẹ́ sí i. Wọn ò tíì lọ jìnnà tí ọ̀kan nínú wọn, Tiwa, ọmọbìnrin ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún tí wọ́n bí sí Kétu, fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún un pé, "Mummy, ẹ máa lọ níwájú o, a wà lẹ́yìn yín."

Ẹ wá wo ohun tó ṣe obìnrin yìí. Ó rò pé ọ̀wọ̀ ni. Ibo ni wọ́n ti ń tọ́ ọmọ kó máa gba iwájú àgbà kọjá láìtọrọ ààyè? Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí gbogbo wọn tí wọ́n tò sẹ́yìn òun, tí ẹnì kankan ò fẹ́ kọjá, inú rẹ̀ dùn, ó ń sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọmọ tí wọ́n tọ́ re ṣì wà ní Èkó. Ó fi àyà gba atẹ́gùn tó ń fẹ́ bọ̀ láti ọ̀sà fún nǹkan bí ọgbọ̀n kìlómítà. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń tàkúrọ̀sọ, Tiwa tiẹ̀ ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n dé Ẹ̀pẹ́, Tiwa súfèé lẹ́ẹ̀kan, gbogbo wọn sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yọ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sẹ́ni tó kí i. Ó ní kí ẹsẹ̀ òun lé wọn, ẹsẹ̀ ò dáhùn.

Bọ́ọ̀sì kan wà tó máa ń rọra tẹ̀ lé irú ìdíje bẹ́ẹ̀ láti kó àwọn tó bá ti rẹ̀. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, awakọ̀ ṣílẹ̀kùn, ó ní, "Mummy, ẹ wọlé, ẹ ti gbìyànjú." Ọ̀rọ̀ yẹn, pé ó ti gbìyànjú, ló dun Damaris ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ó sunkún nínú bọ́ọ̀sì náà títí wọ́n fi dé Ìtòìkín, kò sì bojú.

Ní Sunday ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìsìn, Adéníran wá sílé wọn, ó mú ọsàn wá. Èèyàn dáadáa ni, ohun rere ló sì ní lọ́kàn, èyí gan-an ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ó ní ẹgbẹ́ ti ṣèpàdé, ẹnu gbogbo àwọn sì kò pé kí Mummy jẹ oyè Ìyá Ẹgbẹ́. Ìyá Ẹgbẹ́ ò ní gun kẹ̀kẹ́ mọ́. Iwájú ọkọ̀ ni yóò máa jókòó sí lọ́jọ́ ìdíje, yóò gbàdúrà kí wọ́n tó gbéra, yóò pín omi àti ọsàn fún àwọn ọmọ, àga tó ga jù lọ sì ni tirẹ̀ níbi ìpàdé.

Bá a ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ẹni tá ò bá ti mọ ibi tá a máa fi sí láàárín wa, a ó wá oyè Ìyá kan tàbí ti Bàbá kan fún un, a ó gbé àga sílẹ̀ fún un kó jókòó, kó má baà dí wa lọ́wọ́. Bartholomew gbọ́ ọ, inú rẹ̀ dùn débi pé kí Adéníran tó mumi tán, ó ti ń sọ ti télọ̀ tó máa rán ọ̀já oyè.

"Ẹ ṣeun," Damaris ní. "Mi ò ṣe."

"Kí lẹ ò ṣe, Mummy?"

"Ìyá. Mo ti bí ọmọ tí mo fẹ́ bí. Kẹ̀kẹ́ ni mo wá gùn lọ́dọ̀ yín."

"Ìyá Fẹ́rànmí," Bartholomew dá sí i, "ọlá ni wọ́n fẹ́ dá ọ."

"Kí wọ́n fi dá ẹni tó ti rẹ̀ lọ́lá, Daddy. Kò tíì rẹ̀ mí."

Adéníran ń yí ọsàn kan lọ́wọ́, kò mọ ibi tó máa wò. Ó wá ní kò burú. Oṣù méjì sí i, ìdíje mìíràn ń bọ̀ lójú ọ̀nà yẹn kan náà, obìnrin mẹ́ta tó bá kọ́kọ́ dé ló máa wọ aṣọ ẹgbẹ́ lọ díje ní Abẹ́òkúta. "Tẹ́ ẹ bá wà nínú àwọn mẹ́ta yẹn, Mummy, ẹnikẹ́ni ò ní dárúkọ Ìyá Ẹgbẹ́ sí yín létí mọ́. Tẹ́ ò bá sí níbẹ̀, ẹ ó gba oyè."

"Mo gbà," Damaris ní. Ó gba ọsàn náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó bó o, ó jẹ ẹ́.

Bartholomew ò tiẹ̀ dúró de oṣù méjì. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ọ̀já ti délé, sílíìkì funfun tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, tí wọ́n fi òwú aláwọ̀ wúrà kọ ÌYÁ ẸGBẸ́ sí lára gàdàgbà. Ó gbé e kọ́ sára kọ́bọ́ọ̀dù níbi tí ojú Damaris ti máa kọ́kọ́ bà á tó bá jí. Kì í ṣe pé ó fẹ́ fi ṣẹ̀sín o. Ó dá a lójú ni. Damaris ń rí i láràárọ̀. Kò fọwọ́ kàn án.

Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ò yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń fi sílẹ̀. Ó ń bá wọn gùnkè ní Sátidé, kò sẹ́ni tó ń fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Kí ló wá ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ ìdíje? Kò rí ìdáhùn títí di ọjọ́ Tuesday kan tí àwọn tírélà láti Òkè Ọya wọ Mile 12 lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọjà kún débi pé ẹsẹ̀ ò rílẹ̀ tẹ̀. Láwàlì, aláàárù tó ti ń bá a gbẹ́rù láti ọjọ́ pípẹ́, gbé apẹ̀rẹ̀ méjì karí, ó sì kọrí sọ́nà. "Àgò! Àgò lọ́nà!" Èrò yà fún un. Damaris tẹ̀ lé e pẹ́kípẹ́kí bó ṣe máa ń ṣe, kí èrò tó padé mọ́ àárín wọn.

Ìdajì ọ̀nà ló dúró gbagidi. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn kọlù ú, ó bú u, Damaris ò gbọ́. Láti ogún ọdún tó ti ń ná ọjà yìí, kò rìn níwájú Láwàlì rí. Ta ló jẹ́ dán an wò? Ẹni tó wà níwájú ni gbogbo èjìká ń gbá, ẹni tó wà lẹ́yìn aláàárù kàn ń rìn gbẹ̀fẹ́ ni. Ó wá yé e. Tiwa àtàwọn yòókù ò bọ̀wọ̀ fún un rárá. Aláàárù ni wọ́n fi í ṣe. Ó ń bá wọn la atẹ́gùn bí Láwàlì ṣe ń la èrò, wọ́n sì ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Inú bí i tó bẹ́ẹ̀ tó fi bú sẹ́rìn-ín láàárín ọjà.

Ó sáré bá Láwàlì. "Tí wọn ò bá wá yà fún ọ ńkọ́, Láwàlì?"

"Wọ́n á yà, Màmá. Ẹni tí apẹ̀rẹ̀ bá ti gbá lórí lẹ́ẹ̀kan, tó bá ti gbọ́ àgò báyìí, kì í wẹ̀yìn mọ́. Ara ẹ̀ ló máa kọ́kọ́ sá."

Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo Sátidé ni Damaris fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ táyà ẹlòmíràn láìgbá a. Ẹ̀rù bà á lákọ̀ọ́kọ́, nítorí tí ẹni iwájú bá tẹ bíréèkì lójijì, ilẹ̀ ló kù. Ó rọra ń sún mọ́ ọn, títí tí àárín táyà rẹ̀ àti tẹni iwájú ò fi ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ ìdíje pé. Obìnrin mọ́kànlá ló tò sójú ọ̀nà Ìtòìkín láàárọ̀ ọjọ́ náà.

"Mummy, ẹ máa lọ níwájú," Tiwa tún ní, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀.

"Máa lọ, ọmọ mi. Mò ń bọ̀ lẹ́yìn."

"Ẹ̀yin làgbà o, Mummy."

"Mo mọ̀. Mo yọ̀ǹda fún ọ."

Tiwa wò ó, ó bọ́ síwájú. Bí wọ́n ṣe ń lọ nìyẹn. Damaris lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ débi pé ó ń ka nọ́ńbà tó wà lára aṣọ rẹ̀. Tí Tiwa bá dẹwọ́, òun náà á dẹwọ́. Tó bá yà sósì, òun náà á yà sósì. Ẹnì kan ní kí Mummy wá bá àwọn gba atẹ́gùn díẹ̀, ó ní orúnkún ń dun òun. Orúnkún rẹ̀ ò dùn ún rárá. Ó yọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ jáde lápò ẹ̀yìn aṣọ, ó jẹ ẹ́, ó sì gbé èèpo rẹ̀ sókè díẹ̀ kí Tiwa lè rí i kó tó fi í sápò padà.

Níbi tí wọ́n ti yí padà ní Ẹ̀pẹ́, Jessica àti Dorothy, àwọn méjì tó le jù nínú ẹgbẹ́, sá lọ, ẹnikẹ́ni ò sì rí wọn bá mọ́. Aṣọ méjì ti lọ nìyẹn, ó ku ẹyọ kan. Àwọn tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í já sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bọ́ọ̀sì ń kó wọn. Nígbà tó fi máa ku kìlómítà márùn-ún, Tiwa àti Damaris nìkan ló ṣẹ́ kù lójú ọ̀nà.

Ó rẹ Damaris. Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín pé kì í rẹ ẹni tó bá sá sẹ́yìn. Tiwa ń sáré bí ẹni tó fẹ́ já okùn, itan Damaris ń ta á, ọ̀fun rẹ̀ gbẹ táútáú, ó sì ń gbọ́ ìró bọ́ọ̀sì náà lẹ́yìn. Ó ń sọ lọ́kàn pé, mi ò ní wọ̀ ọ́, mi ò ní wọ̀ ọ́, ó ń fi ọ̀rọ̀ náà tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rù sì ń bà á. Ó rí ara rẹ̀ níwájú ọkọ̀ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ọsàn lórí itan, tó ń sọ fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ pé wọ́n ti gbìyànjú.

Ibi tí wọ́n ń parí eré sí wá yọ. Wọ́n ti fi okùn so ojú ọ̀nà dí sí tóóró, èrò ìwòran wà lọ́tùn-ún, kòtò wà lósì. Tiwa gbọ́n, ó di àárín mú. Damaris gba ọ̀tún, Tiwa dí i. Ó gba òsì, Tiwa tún dí i. Nígbà náà ló rí Bartholomew ní ìdí ìlà ìparí eré, tó dé fìlà Sunday, tó gbé ọ̀já funfun náà kọ́ apá. Ó ti fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́.

Ohun tó jáde lẹ́nu Damaris, kò rò ó tẹ́lẹ̀.

"Àgò! Àgò lọ́nà!"

Ẹ rántí pé Kétu ni wọ́n bí Tiwa sí. Mile 12 ni ìyá rẹ̀ ti ń ta àlùbọ́sà, ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló sì ti ń gbọ́ igbe yẹn kó tó mọ orúkọ ara rẹ̀. Ó mọ̀ pé ojú ọ̀nà Ìtòìkín lòun wà, ó mọ̀ pé kò sí apẹ̀rẹ̀ lórí ẹnì kankan. Ara rẹ̀ ò dúró gbọ́ àlàyé. Ó tẹrí ba, ó yà sọ́tùn-ún, àyè kan ṣí sílẹ̀ tí ò fẹ̀ tó ilẹ̀kùn, Damaris sì gba ibẹ̀ wọlé. Ìdajì táyà ló fi ṣáájú rẹ̀.

Tiwa ò tiẹ̀ tíì sọ̀ tó fi kọjú sí Adéníran. "Kọ́ọ̀ṣì, màgòmágó ni wọ́n ṣe fún mi."

"Ṣé wọ́n fara kàn ọ́ ni?"

"Rárá."

"Wọ́n tì ọ́?"

"Wọn ò tì mí. Wọ́n ní àgò."

"Kí ló wá dé tó o fi yà?"

Àwọn ọmọ Kétu tó wà níbẹ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, nítorí wọ́n mọ̀ pé ká ní àwọn ni, àwọn náà ì bá yà. Tiwa ń bínú, àmọ́ nígbà tó yá, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu òun náà. Ó lọ bá Damaris níbi tó jókòó sí lórí koríko, ó kúnlẹ̀ díẹ̀.

"Aunty Damaris, ẹ kú iṣẹ́."

Aunty ló pè é. Damaris gbọ́ ọ dáadáa. "O ṣeun, ọmọ mi," ó ní. "Nígbà mìíràn, tó o bá fẹ́ lo aláàárù, máa sọ fún un."

Adéníran gbé aṣọ ẹgbẹ́ kẹta wá, ó fún un, kò sì dárúkọ oyè kankan. Bartholomew dúró sẹ́yìn rẹ̀, kò mọ ibi tó máa fi ọ̀já sí. Ó ká a, ó fi í sápò, ó ní kú iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n délé ló tún gbé e kọ́ sára kọ́bọ́ọ̀dù.

Láàárọ̀ Monday, Damaris ń múra ọjà. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ ka ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ dúdú náà, ó fa okùn rọ́bà tó máa ń fi so ó, okùn já sí méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wọnú yàrá lọ, ó já ọ̀já náà sọ̀ kalẹ̀, ó gbé e jáde, ó sì kì í bọ etí apẹ̀rẹ̀. Bartholomew wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́. Ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló gbé ife sílẹ̀, ó wá bá a di kẹ̀kẹ́ mú kó lè so ó le.

"Ìyá Fẹ́rànmí," ó ní, "sílíìkì gidi nìyẹn o."

"Mo mọ̀, Daddy. Kì í tètè já."